Èsì sí “àwòjù”: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yọ “jù” yẹn kúrò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé.

Láti ọjọ́ Ajé tí Alàgbà wa gbé ọ̀rọ̀ náà síta nínú ẹgbẹ́ wa ni mo ti ń kà á, mo ń pa á tì, mo tún ń padà sí i. Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: iléeṣẹ́ kan ní Èkó ló ní kí Alàgbà bá òun túmọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún òṣìṣẹ́ wọn, lórí ohun tí HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń bá òṣìṣẹ́ san owó ìwòsàn, yóò máa san owó rẹ̀ àti ohun tí kò ní san. Nígbà tí Alàgbà dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ojú tó ń dá ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà lóró, wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n pè é ní “àwòjù”. Wọ́n ní: “Àwòjù ni àárẹ̀ tí í mú ojú ẹni tó bá ń wo ojú ẹ̀rọ kọjá bó ṣe yẹ.” Ènìyàn bíi mẹ́sàn-án ló ti kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n ní ó kúrú, ó dùn létí, ó bá àjẹjù àti àmujù mu.

Bó ṣe bá àjẹjù àti àmujù mu yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Tótó, ó ṣe bí òwe o: àṣejù, baba àṣetẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? Ọ̀rọ̀ tí a bá fi à- bẹ̀rẹ̀, tí a fi jù parí, ẹjọ́ ló ń dá. Àmujù: ẹni tó mu ún ló jẹ̀bi. Àjẹjù: ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Àsọjù, àsùnjù, bákan náà ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a ń gbọ́ tí àánú ẹni náà ń ṣe wá. Ẹ wá sọ fún mi, ọmọbìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ gbé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà méjì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ló wò jù? Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló ń wò. Bó bá mójú kúrò, wọ́n á bi í pé kí ló ń wò níta.

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe ara. Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí. Òòyì ń kọ́ mi. Ojú ń ta mí. Ó rẹ̀ mí. Nínú gbogbo rẹ̀, èmi kọ́ ni mò ń ṣe nǹkan, nǹkan ló ń ṣe mí. Ipò àbọ̀ ni aláìsàn wà nínú wọn, kò sí ní ipò olùwà. Kódà bí a ṣe ń bi í léèrè náà nìyẹn: “Kí ló ń ṣe ọ́?” Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá, bí a ṣe sábà máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwòjù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa aláìsàn kúrò ní ipò àbọ̀, ó gbé e sí ipò olùwà, ó sì dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú ewì ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí, bóyá ǹ bá dákẹ́. Ìwé HMO ni. Ẹ jẹ́ ká tú adójútòfò fúnra rẹ̀ palẹ̀: èyí tí ń dójú ti òfò. Adójútòfò ìlera, òfò ìlera ló ń dójú tì. (Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé lánàá pé gbólóhùn náà túmọ̀ sí ohun tó ń dójú ti ìlera, pé ká yí i padà. Rárá o. Òfò ni ọ̀rọ̀ náà “ìlera” ń ṣàlàyé níbẹ̀. Mo máa dá wọn lóhùn lọ́tọ̀.) Òfò ni ohun tó dé bá ni: mọ́tò tó gbáni, iná tó jó ṣọ́ọ̀bù, ibà tó gbéni dè. Àṣejù kì í ṣe òfò, kò sì sí adójútòfò kan tó ń fẹ́ sanwó àṣejù. Bí ẹ bá kọ àwòjù sínú ìwé yẹn, ẹ ti bá wọn kọ èsì sílẹ̀ kí aláìsàn tó dé: ìwọ lo wò ó jù, lọ sinmi.

Ojú mi ni èyí ṣe. Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bó bá ti di ọ̀sán, a dà bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i, lẹ́tà á máa ṣe bàìbàì, orí fífọ́ á tẹ̀ lé e. Mo sìn ín lọ sí ọsibítù tí HMO rẹ̀ yàn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó mọ bó ṣe máa ń rí. Tábìlì HMO wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ ó gbé káàdì kalẹ̀, wọ́n á pe iléeṣẹ́ wọn fún kóòdù, kóòdù yẹn ni dókítà ń retí kó tó fọwọ́ kàn yín. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ mú báírò, ó ní, “Àǹtí, kí ló ń ṣe ojú yín?” Àbúrò mi ní, “Kọ̀ǹpútà ni mò ń wò jù, mà.” Obìnrin náà kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ó yí i sí èdè òyìnbó. Aago mẹ́sàn-án la débẹ̀. Ó ti ń lọ sí aago kan kí èsì tó dé, pé èyí kò sí lábẹ́ ètò rẹ̀, kó lọ sinmi, kó dín fóònù títẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi kò dárúkọ fóònù fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi owó ara rẹ̀ lọ rí dókítà ojú. Ọkùnrin yẹn kò bi í pé báwo ló ṣe ń wò ó tó. Ó ní kó máa ka nǹkan lórí kọ̀ǹpútà òun, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń fi ìka ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Ní odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bó bá ranjú mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó lè já sí ìdajì, ó tún lè kéré sí i. Ìpéǹpéjú ló ń fi omi pa ojú lára. Bí kò bá ṣẹ́, ojú á gbẹ. Ojú gbígbẹ ló sì kọ sínú ìwé, ní èdè tiwọn. Nígbà tí a gbé ìwé náà padà sí tábìlì kan náà, kóòdù dé kí n tó ráyè jókòó. Wọ́n san owó oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Gíláàsì, wọ́n san apá kan. Ojú kan náà ni, HMO kan náà ni. “Jù” tó ti ẹnu àbúrò mi jáde ni wọ́n dì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Alàgbà ti dáhùn pé èdè òyìnbó ni HMO fi ń ṣe ìwé wọn, pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi pè é ní Yorùbá kò lè mú wọn sanwó tàbí kó ní kí wọ́n má san. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, ẹnu aláìsàn ni ìwé yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni àbúrò mi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi ṣẹ́jú yìí díẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí dókítà yẹn ti ka ìpéǹpéjú ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí aago dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ohun tí wọ́n fi pe ìwọ̀n rẹ̀ ni ìṣẹ́jú, ojú tí a ṣẹ́. Èyí tó kéré sí i, ìṣẹ́jú àáyá, torí wéréwéré ni wọ́n ní àáyá ń ṣẹ́jú tirẹ̀. Ìpéǹpéjú ni a fi ń ka àkókò. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n wá ń ka ìṣẹ́jú lé lórí láti àárọ̀, ojú tirẹ̀ kì í ráyè ṣẹ́. Ìdí rèé tí mo fi dábàá “àìṣẹ́jú” fún ẹgbẹ́ yìí ṣáájú. Inú àì- ni Yorùbá ń kó ohun tí ara kò rí ṣe sí: àìsàn, àìlera, àìróorunsùn. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ àìróorunsùn kó bínú sí ẹni tí kò rí oorun sùn.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ní Ìbàdàn, ti bi mí pé àìgbọràn ńkọ́, àìmoore ńkọ́, ṣé àìsàn nìwọ̀nyẹn náà? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé kí ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú. Ọkàn ló ń gbọ́ràn, ọkàn ló ń moore. Sàn, le, ṣẹ́jú, ara ló ń ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Ojú kì í gbàṣẹ lẹ́nu wa kó tó ṣẹ́. Ìyá kò gbà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń wo àgbà láìṣẹ́jú, ẹ̀kọ́ ló nílò, kì í ṣe dókítà. Mo ní ìyẹn jẹ́ ọmọ tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣẹ́ ẹ. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní bí a bá yọ àmì kúrò, aiseju ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aseju. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n awoju tiwọn náà, awò ojú ni òṣìṣẹ́ ilé oògùn yóò kà á sí. Àmì tí a kì í fi sí orí ọ̀rọ̀ ló ń dá èyí sílẹ̀. Lórí ìyẹn, mo bẹ Alàgbà kí wọ́n má ṣe gbà kí iléeṣẹ́ yẹn tẹ ìwé náà láìsí àmì ohùn. Ẹni tó kọ “ààrẹ ojú” lọ́jọ́rú, oyè ni ààrẹ. Àárẹ̀ ni ti ara.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Manchester mú “ìpọ́njú-ẹ̀rọ” wá. Wọ́n ní ojú tó pọ́n ni. Lóòótọ́, pọ́n ojú ló wà nídìí ìpọ́njú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ojú láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti wọ inú Bíbélì àti àdúrà. Èyí tí wọ́n fi kún un ló wúlò fún mi. Wọ́n ní òfin kan wà ní Ìlú Ọba láti 1992, pé bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ ti ojú ẹ̀rọ lójoojúmọ́, tí o sì bèèrè, ọ̀gá rẹ ni yóò sanwó àyẹ̀wò ojú rẹ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an ló mú kí o nílò gíláàsì, òun náà ni yóò san án. Ẹ kíyè sí i: òfin yẹn kò bèèrè bóyá o wò ó jù. Bóyá iṣẹ́ rẹ ni ló bèèrè.

Níbi tiwa, òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó rọ́pò ti 1999. Òfin 2010 wà pẹ̀lú, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sápò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kí owó gbà-má-bínú lè wà fún ẹni tí iṣẹ́ bá dá àìsàn sí lára. Tí a bá ti fi ẹnu ara wa pè é ní àwòjù, kí la fẹ́ fi gba ẹ̀tọ́ lábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn?

Bàbá tó bí bàbá mi, ahunṣọ ni ní Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ ojú ni òfì. Òwú tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ níwájú wọn gùn jáde títí dé ibi òkúta tó fà á le, ojú á máa tọ òwú lọ, á tún padà. Bó bá pẹ́ díẹ̀, Bàbá á ké sí àwọn ọmọṣẹ́ pé, “Ẹ gbójú sókè, ojú yín ń fẹ́ atẹ́gùn!” Gbogbo wọn á wo ọ̀ọ́kán. Dókítà yẹn sọ ohun kan náà fún àbúrò mi: ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kó wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé lọ́dọ̀ Bàbá, mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ fún ọmọṣẹ́ kan pé ó wo òwú jù. Ojú ló ń fẹ́ atẹ́gùn.

Mo mọ̀ pé àìṣẹ́jú kò kó ọrùn àti èjìká mọ́ra, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí kan náà ló ń dá wọn lágara. Ẹni tó bá ní èyí tó kó gbogbo rẹ̀, kó gbé e wá.

Alàgbà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ kò bá fẹ́ àìṣẹ́jú, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣáà bá mi yọ àwòjù kúrò, àti “kọjá bó ṣe yẹ” tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gbìyànjú ìpínrọ̀ náà báyìí: “Bí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà bá ń mú ojú yín gbẹ, tó ń ta yín, tàbí tó ń ṣe bàìbàì, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nídìí tábìlì HMO, kí ẹ sì sọ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.” Ẹ bá mi wò ó bóyá àmì orí rẹ̀ pé.