Amí kọ́, olófòófó ni: orúkọ àwọn tó ń fi aládùúgbò wọn sùn lábẹ́ ìjọba Násì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àbá yín pé kí a máa pe àwọn ará Jámánì tó ń gbé ọ̀rọ̀ aládùúgbò wọn lọ fún Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba Hitler, ní "amí", mo sì rí i tí bàbá wa kan ní "olùfisùn" ló yẹ, torí ó wà nínú Bíbélì. Èmi ò fara mọ́ méjèèjì. Olófòófó ni mo ní ká pè wọ́n.

Amí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó rán an ni. Mósè rán wọn lọ sí Kénáánì, wọ́n padà wá jíṣẹ́. Gestapo náà ní irú wọn, tí wọ́n ń fi sáàárín àwọn Kọ́múníìsì. Ká fi "amí" sílẹ̀ fún àwọn yẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dé iwájú ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rán ẹni tó gbé e wá. Ẹ wo iye wọn: ní 1944, gbogbo òṣìṣẹ́ Gestapo jẹ́ nǹkan bí 32,000, tàwọn akọ̀wé tàwọn atẹ̀wé, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ sì ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ta ni ì bá bá wọn gbọ́ ohun tí ọkọ ń sọ fún ìyàwó nídìí oúnjẹ? Aládùúgbò ni, àna ni, ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ni. Òfin 20 oṣù Kejìlá 1934 ti sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀, débi pé ẹ̀fẹ̀ lórí Hitler lè gbé èèyàn dẹ́wọ̀n. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ń lù, tó fẹ́ kó kúrò nílé, ti mọ ọ̀nà.

"Olùfisùn" ńkọ́? Ní kóòtù, olùfisùn á yọjú, olùjẹ́jọ́ á rí i. Lọ́dọ̀ Gestapo, ọ̀pọ̀ ò mọ ẹni tó tú wọn fó.

Ẹ̀gbọ́n ní òfófó fúyẹ́ jù, pé ọ̀rọ̀ ọmọdé àti orogún ni. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ò kà á sí nǹkan bàbàrà. Otto àti Elise Hampel, tọkọtaya òṣìṣẹ́ ní Berlin, fọwọ́ kọ káàdì tó lé ní 200 láàárín 1940 sí 1942, wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ sídìí àtẹ̀gùn ilé onílé, kí ẹni tó bá he é lè kà á kó sì kọ̀yìn sí Hitler. Èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì yẹn, àwọn tó he é ló fọwọ́ ara wọn gbé e fún ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fi wọ́n sùn. Wọ́n bẹ́ àwọn méjèèjì lórí ní Plötzensee, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Berlin, ní 8 oṣù Kẹrin 1943.

Àgbà ní olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ti Jámánì kọjá ọpẹ́ nígbà míì o: òṣìṣẹ́ Yunifásítì Munich tó mú Hans àti Sophie Scholl, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń tako Hitler, nítorí ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń pín, gbowó.

Ẹni tó ní "ìjọba ìpáyà" ti kó gbogbo rẹ̀ já, pé ẹ̀rù nìkan ló mú káwọn èèyàn ṣe ti Násì, ó tọ̀nà ní ti Júù àti Kọ́múníìsì; oṣù Kẹta 1933 ni wọ́n ti ṣí Dachau, àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá mú sí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí iṣẹ́ sì dé, ọ̀pọ̀ wọn ò nílò ìpáyà kí wọ́n tó ṣe ti ìjọba.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Blockleiter, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Násì ní àdúgbò, ní "baálẹ̀ àdúgbò". Ojúlé bí 40 sí 60 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbowó ẹgbẹ́, ó ń wo ẹni tí kò ta àsíá. Baálẹ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? "Aṣọ́jùúlé" tó o.

Ó ku Schutzhaft, orúkọ tí àwọn Násì fún títi èèyàn mọ́lé. "Àhámọ́ ààbò" tí ẹ kọ bá ti Jámánì mu, àmọ́ Gestapo ló ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láìsí adájọ́. Kí ọmọ iléèwé má lọ rò pé wọ́n ń dáàbò bo ẹnì kan. "Àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́" ni màá kọ, màá sì fi orúkọ irọ́ tí wọ́n fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.