Kọ́ìnsì mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?

Ẹ̀yin onídán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń to idán kan jọ tí kọ́ìnsì á máa kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní coins across, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n lo mẹ́ta àbí mẹ́rin. Mẹ́rin lèmi fẹ́ràn torí ìró wọn máa ń dùn tí wọ́n bá ń já lura wọn, àmọ́ kó tó kan ẹ̀kẹrin àwọn tó ń wò ti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ojú wọn á ti kúrò níbẹ̀. Mẹ́ta yá, ó sì rọrùn láti fojú tẹ̀lé.

Wàhálà míì tún ni pé tí mo bá há kọ́ìnsì kan mọ́ àárín àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ mi á ṣì rí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti di méjì, wọ́n á máa ha ara wọn, ìka mi á sì le gbagidi. Ṣé ẹ̀yin máa ń fi ọ̀kan táwọn èèyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀ kún un ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ẹyọ kan ṣoṣo pidán ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í tètè sú wọn?