Gbígba ilé ọmọ ẹlòmíràn sínú ara ẹni: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Àdùkẹ́: Ẹ̀jẹ̀ ò dá nígbà tí mo bímọ, wọ́n bá yọ ilé ọmọ mi. Ọmọ náà ò sì dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹni tó ti gba ilé ọmọ ẹlòmíràn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kò léwu?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Nọ́ọ̀sì Peckham: Ó ń ṣiṣẹ́. Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi bímọ, ní 2014. Ẹni ọdún 61 ló fi tirẹ̀ tọrẹ.

Bọ̀dé: Ọdún mélòó? Irọ́!

Nọ́ọ̀sì Peckham: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ilé ọmọ kì í tètè gbó bí ẹyin. Àwọn tó gba kíndìnrín ni èmi ń tọ́jú, irú oògùn kan náà ni wọ́n ń lò kí ara má baà kọ ohun tí wọ́n gbìn. Aago wọn á dún, ì báà jẹ́ àárín ìsìn, wọn á fa oògùn yọ lápò, wọn á gbé e mì. Àìsàn máa ń tètè ràn wọ́n, oògùn náà sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ náà lẹ́yìn ọmọ kan tàbí méjì.

Ṣadé M.: Wọ́n á tún yọ ọ́? Iṣẹ́ abẹ mélòó nìyẹn!

Mọ́rẹ́nikẹ́: Wọn ò bí ilé ọmọ mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóun á fún mi ní tirẹ̀. Mo ka ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Dallas, ní Amẹ́ríkà: nínú obìnrin 20 tó gba ilé ọmọ, ti 14 ló dúró, gbogbo àwọn 14 náà ló sì bímọ. Inú mi dùn. Mo wá rí i pé nínú àwọn 18 tó fi tọrẹ láàyè, ìṣòro tó le bá 4. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́mọ tó ń tọ́. Mo ní rárá.

Ṣadé M.: Òun ló fẹ́ kẹ̀! Obìnrin kan, Grace Davidson, gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oxford ní 2023, ó bí Amy ní 2025.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀dé: Ọmọ ta wá ni?

Nọ́ọ̀sì Peckham: Ẹyin ìyá, àtọ̀ bàbá. Ilé nìkan ni wọ́n yá. Àdùkẹ́, ẹ bi dókítà bóyá ilé ẹyin yín ṣì wà.

Àdùkẹ́: Ó wà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò ṣe gba ọmọ tọ́?

Mọ́rẹ́nikẹ́: Mo ti ń tọ́ ọ̀kan, mà. Ọmọ mi ni. Oyún ṣì ń wù mí.

Bọ̀dé: Ti òkú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Peckham: Wọ́n ti fi bímọ ní São Paulo, ní Brazil, ní 2017.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀jẹ̀ Jésù!

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ìyẹn ni mo lè gbà. Ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí mi sùn sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ṣadé M.: Ẹbí ẹni tó kú ńkọ́? Ta ló máa lọ bẹ̀ wọ́n?