Lórí “ọ̀wẹ̀ òkèèrè”: ta ló ni oko?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé owó àti irinṣẹ́ tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń fún orílẹ̀-èdè tó rẹlẹ̀ láti fi gbógun ti oògùn olóró, ká máa pè é ní “ọ̀wẹ̀ òkèèrè”. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí bàbá mi bá bẹ ọ̀wẹ̀, ìyá mi á ti gún iyán sílẹ̀, bàbá á sì dúró lẹ́bàá oko: “Ẹ ti ibí bẹ̀rẹ̀, ẹ ro ó dé ìdí ìrókò yẹn.” Kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ̀gbẹ́ odò lòun fẹ́ ro.

Ẹ wá wo Kòlómbìà. Ààrẹ Andrés Pastrana bẹ ọ̀wẹ̀ lóòótọ́, àlàáfíà àti ìdàgbàsókè ìgbèríko ló sì kọ́kọ́ tẹnu mọ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìrànwọ́ náà ní 2000, ológun àti ọlọ́pàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà bá lọ. Hẹlikópítà dé. Bàálù ń fín oògùn tó ń pa koríko sórí oko kókà, ewé tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì, àwọn àgbẹ̀ ń ké pé ó ń ba ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn jẹ́. Ó di 2015 kí wọ́n tó dá a dúró. Àlejò ló gbé ọkọ́ wá, òun náà ló tún ń tọ́ka poro.

Ọ̀wẹ̀ kì í sì í gba máàkì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1986 ní kí ààrẹ wọn máa kéde lọ́dọọdún orílẹ̀-èdè tó ṣe dáadáa nínú gbígbógun ti oògùn olóró. Kòlómbìà fìdí rẹmi ní 1996, wọ́n tilẹ̀ fagi lé físà Ààrẹ Ernesto Samper. Nàìjíríà náà fìdí rẹmi láyé Abacha.

“Ìrànwọ́ aládéhùn” ni orúkọ tí èmi fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àdéhùn ń fi hàn pé ohùn méjèèjì dọ́gba, kó sọ ọ́ di “ìrànwọ́ aláṣẹ”, mi ò ní jà.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti lè yọ̀ǹda “ọ̀wẹ̀”: Bòlífíà. Lẹ́yìn tí Evo Morales, ààrẹ wọn nígbà náà, lé àwọn òṣìṣẹ́ DEA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kókà fúnra wọn ló ń ṣọ́ ara wọn láyé ìjọba rẹ̀ kí ìdílé kan má gbìn kọjá ìwọ̀n tí ìjọba gbà wọ́n láyè. Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì fi owó tì wọ́n lẹ́yìn nígbà náà.