Ẹ dákun, dókítà plastic surgery wo ni mo lè gbé àbúrò mi lọ bá n'Ílọrin?

AdukeTanke
Ẹ kú ilé o gbogbo ará ibí, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, òróró gbígbóná ló dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́dún tó kọjá níbi tó ti ń bá màmá wa dín àkàrà ní Òmù-Àrán. Ojú ọgbẹ́ ti jiná, àmọ́ ìka mẹ́ta ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, kò ṣeé nà mọ́, kò lè di bíírò mú dáadáa, WAEC sì ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn plastic surgery ló máa ń tú irú ẹ̀. Mo wá rí ẹnì kan lórí Instagram, ó ní òun á ṣe é fún wa nílé ìṣaralóge kan ní GRA, ọjọ́ kan péré, ká kọ́kọ́ fi ìdajì owó ránṣẹ́. Fọ́tò tó gbé síbẹ̀ dára gan-an. Màmá mi ti fẹ́ sanwó, ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ta lẹ lọ bá, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé ó kọ́ iṣẹ́ náà lóòótọ́?

IyaIbejiOfa
Àdùkẹ́, má sanwó kankan o, jọ̀ọ́. Ètè ọmọ mi kan là nígbà tí mo bí i, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun á rán an fún mi ní pálọ̀ òun. Àwọn tó padà ṣe é, wọ́n wọn ọmọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ní kó pé bí oṣù mẹ́ta kó sì sanra sí i kí wọ́n tó lè fún un lóògùn oorun, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wa padà sílé, inú bí mi nígbà yẹn, ìgbà tó yá ló yé mi pé ẹni tó mọṣẹ́ ló máa ń lè sọ pé kó o ṣì dúró. Smile Train, àjọ aláàánú tó ń ran àwọn ọmọ tí ètè wọn là lọ́wọ́, ló sanwó iṣẹ́ abẹ náà, èmi ò san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń gba owó kó tó fojú kan ọwọ́ ọmọ, kí ló fẹ́ ṣe sí i gan-an?

NoosiAgba
Mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù abẹ títí mo fi fẹ̀yìntì. Àdùkẹ́ ọmọ mi, fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè mú fọ́tò ẹlòmíì. Gba orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ kó o wá a nínú rẹ́jísítà MDCN lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń fún dókítà ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un gbà. Kò tán síbẹ̀ o, MBBS, ìyẹn digirí tí gbogbo dókítà ń kọ́kọ́ gbà, nìkan ò sọ èèyàn di plastic surgeon. Wo ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, FWACS ni ti West African College of Surgeons, FMCS ni ti National Postgraduate Medical College, kó o wá bi í pé ẹ̀ka wo ló ti gbà á, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ikùn náà lè ní FWACS. Ẹgbẹ́ àwọn plastic surgeon Nàìjíríà ń jẹ́ NAPRAS, o lè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti fẹ́ ṣe é ló dẹ́rù bà mí jù. Ta ló máa fún ọmọ yẹn lóògùn oorun? Ta ló máa jókòó tì í títí tó fi máa jí? Tí èémí ẹ̀ bá fẹ́ ṣe ségesège, ọ́síjìn dà? Ilé tí wọ́n ti ń ṣe èékánná kì í ṣe tíátà iṣẹ́ abẹ.

BabaIgbomina
Ó jọ pé ọsibítù ìjọba ni gbogbo yín ń darí ọmọ lọ, ẹ ò sọ ti ìyanṣẹ́lódì àti jíjókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀. Tí owó bá wà, ẹ wá aládàáni. Kó ṣì máa fi òrí pa á ná, awọ yẹn á rọ̀.

ResidentIlorin
Ẹ kú iṣẹ́ o Baba. Òótọ́ ni ti ìyanṣẹ́lódì sà, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Aládàáni náà ò burú, ọ̀pọ̀ kọ́ńsọ́ltáǹtì, ìyẹn àwọn dókítà àgbà, ló ń rí aláìsàn níbẹ̀ náà, ìbéèrè kan náà lẹ máa bi í. Ti òrí yẹn ni mi ò lè fara mọ́ sà, ó máa ń mú kí ojú awọ má gbẹ, àmọ́ àpá tó ti fa ìka ká, òrí ò lè nà án padà.

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí wọ́n máa ń ṣe nìyí. Wọ́n á gé ojú àpá náà kí ìka lè là, àlàfo máa yọ, nígbà míì wọ́n á yí awọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dí i, tí àlàfo bá fẹ̀ wọ́n á bu awọ láti itan tàbí ibòmíì lé e. Wọ́n lè fi wáyà tín-ínrín di ìka mú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan fisiotẹ́rápì àti ohun tó máa ń dè mọ́ ọwọ́ sùn, ọ̀pọ̀ oṣù ni, tí wọn ò bá ṣe é, ìka lè tún ká padà. Ẹni tó bá sọ pé ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀, kò tíì sọ ìdajì iṣẹ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ní kẹ́ ẹ lọ sí Èkó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é dáadáa ní ọsibítù egungun n'Ígbobì. UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì, ní ẹ̀ka plastic surgery, láti Òmù-Àrán ẹ lè máa wá yí báńdéèjì kẹ́ ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

AlhajaOjaOba
Sàlámù àlékùn. Àdùkẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Kílóìdì, àpá tó máa ń wú, yọ sí mi létí níbi yẹtí, obìnrin kan tó ń ṣe ojú fún ìyàwó gé e dànù fún mi, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ń fi gèlè bò ó kiri. Ẹni tí mo padà lọ bá, FWACS ni, nǹkan tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé ó lè padà wá, pé kílóìdì ò ṣeé gé lásán, pé abẹ́rẹ́ á máa wọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra wọn, tí mi ò bá ní máa wá kí n má jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kó sọ pé á lọ pátápátá. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ẹnì kan ṣoṣo tí ò ṣèlérí fún mi rèé láàárín gbogbo wọn, mo sì padà lọ bá a. Àlùhámúdùlílàhì, yẹtí ti ń wọ ibẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì le díẹ̀. Ẹ bi dókítà tiyín ní ohun tó lè bàjẹ́, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

AdukeTanke
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin màmá mi. Mo béèrè nọ́ńbà MDCN lọ́wọ́ ẹni orí Instagram yẹn, ó fi sátífíkéètì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún lórí ìṣaralóge ló wà lára ẹ̀. Mo kà á fún màmá mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n fi owó sílẹ̀. Kí ni ká mú dání tá a bá ń lọ Òkè-Oyì?

ResidentIlorin
Ẹ gba lẹ́tà láti ọsibítù tó tọ́jú iná yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú káàdì ẹ̀ àti ti jẹ́nótáípù dání. Ẹ bi kọ́ńsọ́ltáǹtì pé irú ọwọ́ báyìí mélòó ló ti ṣe, àti pé òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣe é àbí ẹlòmíì. Kò ní bínú. Ẹ sọ ti WAEC fún wọn kí wọ́n lè wo àsìkò ẹ̀.

NoosiAgba
Kó má sì lé làálì sọ́wọ́ méjèèjì o, kódà bí ìgbéyàwó bá wà ládùúgbò. Wọ́n máa fẹ́ rí àwọ̀ èékánná ẹ̀.