Mi ò gba “jọ” tó wà nínú “òfin àjọgbà”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí a pa “òfin ìpìlẹ̀” tì, kí a máa pe ìwé òfin tó ga jù lọ ní Nàìjíríà (constitution) ní “òfin àjọgbà”, torí pé gbogbo wa la ni ín. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́ tí ẹ ti ṣe, ṣùgbọ́n “jọ” yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ta ló jọ gbà á? Òfin ológun nọ́ńbà 24 ti ọdún 1999 ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar fi gbé e jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. A ò dìbò lé e lórí. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé àwa ará Nàìjíríà la ṣe é. Irọ́ tó wà nínú ìwé náà lẹ tún fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ! Lọ́jà Ìkòròdú níbí, ẹni tí wọn ò bi léèrè iye tó fẹ́ dá kì í ṣe ará àjọ.

Àní lábẹ́ òyìnbó, kí òfin ìpìlẹ̀ 1951, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà òyìnbó Macpherson pè, tó jáde, wọ́n bi ará ìlú léèrè láti abúlé dé ẹkùn, kí wọ́n tó ṣèpàdé n’Íbàdàn ní 1950. Bàbá mi ò jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn. Òfin gidi gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹni tó máa dè.

Ó sì yẹ kó ṣeé tún ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni wọ́n to orúkọ wọn sínú ìwé tiwa ti 1999. 20 ni ti Èkó, Ìkòròdú jẹ́ ẹyọ kan péré. Èkó dá 37 mìíràn sílẹ̀ ní 2003, Ìgbógbó-Báyékù wà lára wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìdásílẹ̀ wọn kò tíì parí, àfi kí ilé aṣòfin l’Ábùjá ṣe tiwọn. “Jọ” wo ló wà níbẹ̀?

“Òfin ìpìlẹ̀” kò purọ́ ní tirẹ̀. Ó ní orí rẹ̀ la kọ́lé lé, kò sọ ẹni tó fi í lélẹ̀. Ẹ fi “àjọgbà” pamọ́ de ìwé tí a bá fìbò gbà.

Ní ti arábìnrin tó ń kọ ọ́ ní “àjọgbá”, tó ní Ìjẹ̀bú ló ń pè é bẹ́ẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí “gbà”. Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.