Kí ni kí n ṣe kí kọ̀ǹpútà má baà tilẹ̀kùn mọ́ mi síta bí mo bá pààrọ̀ processor?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ yọ processor Ryzen (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kí n sì fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ lórí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́) kan náà. Windows 11 ni mo ń lò. Ẹ̀rù ń bà mí kí Windows má lọ ní kí n ra àṣẹ ìlò mìíràn, kí BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísíìkì pa, má sì ti àwọn fáìlì mi pa, nítorí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Èsì kìíní
Ọ̀rọ̀ BitLocker ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Ryzen, inú processor ni TPM (ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí sí) tí BitLocker gbẹ́kẹ̀ lé ti ń ṣiṣẹ́, processor tuntun kò sì lè ka ohun tí ti àtijọ́ fi pamọ́. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ manage-bde -protectors -get C: síbẹ̀, nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 tó bá gbé jáde ni kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà yín. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, nítorí pé bó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà, kò ní wúlò lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ní láti kọ́kọ́ fi BIOS (ètò inú motherboard tó ń tan ẹ̀rọ) tuntun sí i kí motherboard lè dá processor náà mọ̀, ẹ tún un dá dúró lẹ́yìn ìyẹn, torí pé ìdádúró náà lè parí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Èsì kejì
Ní ti àṣẹ ìlò Windows, motherboard ló so mọ́ jù lọ, nítorí náà pípààrọ̀ processor nìkan kì í sábà dà á rú. Síbẹ̀, ẹ so ó mọ́ àkáǹtì Microsoft yín ṣáájú. Bó bá kọ̀, Troubleshoot tó wà lábẹ́ Activation yóò jẹ́ kí ẹ sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ohun kan nínú ẹ̀rọ.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi processor náà sí i, àmọ́ kọ̀ǹpútà ń bi mí bóyá kí n tẹ Y láti pa ohun tó wà nínú fTPM (TPM inú processor náà) rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ ní tuntun, tàbí N láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èsì kìíní
Bí nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 náà bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ Y. Bí kò bá sí, N ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ dá processor àtijọ́ padà, kí ẹ lọ wá a. Èmi tẹ Y nígbà kan láìní in lọ́wọ́, gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì náà ló sì bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. PIN tí ẹ fi ń wọlé lè má ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn Y, ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì yín ni ẹ ó fi wọlé, kí ẹ tó ṣe PIN mìíràn.